Eruku Ọyẹ́ àti Èéfín Àdúgbò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Afẹ́fẹ́ tí À Ń Mí ní Èkìtì

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ wọ̀lú, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọlé láti Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìjerò: níbo ni eruku yìí ti ń bọ̀, ṣé ó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá, kí ló dé tí ojú ọ̀run fi pọ́n báyìí? Tí òjò bá dé, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ èéfín kò tíì lọ síbì kan. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín, kò pọn dandan kí ẹ kà á tẹ̀léra.

Kí gan-an ni PM2.5 àti PM10 tí wọ́n ń pariwo rẹ̀?

Èérún tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́ ni: eruku ilẹ̀, eérú, àti dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, nígbà tó bá wà lójú òfuurufú. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé PM ń sọ bí èérún náà ṣe fẹ̀ tó ní máíkírọ́nù. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nù ló wà nínú mìlímítà kan. PM10 ni gbogbo èérún tí kò fẹ̀ ju máíkírọ́nù 10 lọ, PM2.5 sì ni èyí tí kò ju 2.5 lọ. Irun orí ènìyàn máa ń fẹ̀ tó 50 sí 70. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: a lè to èérún PM2.5 bí ogún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí irun kan ṣoṣo kó tó kún.

Kì í ṣe nítorí ìwé ni wọ́n ṣe pín in sí méjì. Èyí tó tóbi, imú àti ọ̀nà ọ̀fun máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Òun lẹ ń rí nínú ikun tí ẹ ń fun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́. Èyí tó kéré a kọjá, a sọ̀ kalẹ̀ dé àpò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ka àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ mọ́ ohun tó ń fà, tí wọn ò dúró sórí ikọ́ nìkan. Ní 2013, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé (WHO) tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ, fi èérún inú afẹ́fẹ́ sí ìpele kìíní: ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Níbo ni eruku ọyẹ́ ti ń wá?

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Chad wá, láti ilẹ̀ kòtò gbalasa kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Adágún ńlá kan ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, Adágún Chad tí a mọ̀ lónìí sì jẹ́ ìyókù rẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ, ẹrẹ̀ funfun tó fúyẹ́ ló ṣẹ́kù sísàlẹ̀, ó kún fún karawun àwọn ohun abẹ̀mí tíntín tó ti gbé inú omi náà rí. Òkè Tibesti wà lápá kan, òkè Ennedi wà lápá kejì, atẹ́gùn tó bá gba àárín wọn kọjá a máa le sí i, a sì gbé ẹrẹ̀ gbígbẹ yẹn sókè. Láàárọ̀ ni atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń le jù.

Láti Bodélé dé Adó lé ní kìlómítà 1,500. Bí eruku ti ń rìn bọ̀, èyí tó wúwo ń já sílẹ̀ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí eruku tó ń dé ọ̀dọ̀ wa fi kéré ju ti Kánò àti Màídúgùrì lọ, tó sì tún kúnná jù ú lọ. Ẹ má rò pé kíkúnná yẹn ṣe wá lóore: bí èérún bá ṣe kéré tó ló ṣe ń wọnú tó.

Kí ló dé tó jẹ́ ìparí Oṣù Kọkànlá ló máa ń bẹ̀rẹ̀, tí á sì lọ bí òjò bá dé?

Atẹ́gùn méjì ló ń du ojú ọ̀run wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó ní omi nínú. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì gbé eruku lọ́wọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan. Nínú Oṣù Kẹjọ, ó ti gòkè lọ jìnnà dé Sàhárà, abẹ́ atẹ́gùn òkun ni gbogbo Nàìjíríà wà nígbà yẹn. Tó bá fi di Oṣù Kìíní, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé tòsí etíkun, Èkìtì á sì bọ́ sábẹ́ atẹ́gùn aṣálẹ̀. Nígbà tó bá tún ń padà lọ sókè, nínú Oṣù Kẹta, òjò àkọ́rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Kì í sì ṣe ojoojúmọ́ ni ọyẹ́ ń mú láàárín àsìkò yẹn. Ó lè bolẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kí ojú ọjọ́ là, kó tún padà. Ọdún mìíràn wà tí Oṣù Kejìlá á kọjá láìsí ọyẹ́ gidi, tí Oṣù Kìíní á wá dé tí ẹni tó wà nínú ìlú Ìkẹ́rẹ́ kò ní rí òkè Olósùnta. NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń kéde eruku náà ṣáájú. Nítorí ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn ènìyàn ṣe máa ń fetí sí i, ṣùgbọ́n bó ṣe wúlò fún awakọ̀ òfuurufú náà ló wúlò fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àsímà.

Ṣé òjò kì í fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ni? Kí la tún ń bẹ̀rù lẹ́yìn Oṣù Kẹrin?

Ó ń fọ̀ ọ́, àmọ́ kì í fọ gbogbo rẹ̀ bákan náà. Èérún ńlá ni ẹ̀kán òjò máa ń kọlù jù, tí á sì gbé wálẹ̀. Èyí tó kéré, láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírọ́nù sí máíkírọ́nù kan, máa ń yẹ̀ fún un: atẹ́gùn tí ẹ̀kán náà ń tì síwájú á ti gbé èérún yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn òjò ńlá, PM10 á já wálẹ̀ gidi, PM2.5 náà á já, ṣùgbọ́n kò ní já tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí òjò ń ṣe tó ju fífọ̀ lọ ni pé ó ń mú ilẹ̀ rin. Ọ̀nà tó rin kì í rú eruku bí ọkọ̀ bá gbà á kọjá, oko tútù kì í jóná, ààtàn tó ti fa omi mu kì í ràn.

Inú ilé ni kí ẹ fura sí nígbà òjò. Igi tutù máa ń rú èéfín ju gbígbẹ lọ. Òjò á lé ààrò wọ abẹ́ òrùlé, ìjì á mú kí wọ́n ti fèrèsé. Oṣù Keje, tí ìta mọ́, lè jẹ́ oṣù tí ilé ìdáná burú jù fún ẹni tó ń fi igi dáná. Obìnrin tó ń dín gààrí lábẹ́ ahéré ní àsìkò yẹn, kò sí ọyẹ́ kankan tó lè fi èéfín tó tó bẹ́ẹ̀ sí i nímú.

Ṣé a lè sọ pé ọyẹ́ ló ń ba afẹ́fẹ́ wa jẹ́, kì í ṣe àwa?

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mú lọ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè ni bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó rọrùn. Kò sẹ́ni tó lè pe Chad lẹ́jọ́. Òótọ́ sì ni pé lọ́jọ́ tí eruku bá bolẹ̀, tirẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ ń kà, pàápàá PM10.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí méjèèjì ṣe ń tàn ká. Eruku ọyẹ́ máa ń bo gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Adó, Àrámọ̀kọ, Òmùò, kódà á dé Àkúrẹ́ àti Ilé-Ifẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àdúgbò kan àti èkejì kì í tó nǹkan. Èéfín ní tirẹ̀ ní àdírẹ́sì. Ó wà létí títì yìí, kò sí ní ojúlé kẹrin sí i. Ó wà níbi ààtàn, ó wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó wà níwájú ilé ìtajà tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ti ń ké pọ̀. Ẹni tó bá sì ń gbé létí rẹ̀ ń mí in ní Oṣù Kìíní, ó ń mí in ní Oṣù Kẹfà.

Ohun tó ń dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ló kó gbogbo wọn dání. Ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni wọ́n ń sun oko, ìgbà náà ni ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ń rú eruku pupa, ìgbà náà ni ewé gbígbẹ ń kún àgbàlá tí wọ́n sì ń dáná sí i. Ojú wa á rí wọn papọ̀, ẹnu wa á sì kó gbogbo rẹ̀ fún ọyẹ́.

Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: wọ́n á wo ìdá tí PM2.5 jẹ́ nínú PM10. Eruku máa ń ní èérún ńlá púpọ̀, nítorí náà PM2.5 kì í sábà tó ìdajì nínú rẹ̀. Ohun tó ń jó, èérún kékeré ló ń tú jáde jù, PM2.5 á sì ju ìdajì lọ. Ká ní ẹ̀rọ ka PM10 ní 80, tó ka PM2.5 ní 25: eruku ni. Bí PM10 bá wà ní 80 náà, tí PM2.5 wá jẹ́ 60, nǹkan kan ń jó nítòsí yín, ẹ wo ẹ̀yìn ilé.

Kí ló dé tí èéfín fi máa ń dúró pa sójú kan ní kùtùkùtù?

Ní òru ẹ̀ẹ̀rùn, ìkùukùu kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lójú ọ̀run, ooru ilẹ̀ á sá lọ sókè, afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí ilẹ̀ á wá tutù ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kì í gòkè. Èyí tó gbóná tó wà lókè á sì bo ìlú bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò. Gbogbo èéfín ìrọ̀lẹ́ àná, ti jẹnẹrétọ̀ òru, ti ààrò alákàrà àti ti ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kóra jọ sí. Oòrùn á yọ, ilẹ̀ á gbóná, tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ó ti ń ṣí. Láàárín agogo méjì sí mẹ́rin ọ̀sán ni èéfín ìlú máa ń ríbi tú ká jù. Nírọ̀lẹ́, ó tún ń pa dé.

Bí ilẹ̀ Èkìtì ṣe rí tún dá kún un. Ìlú tí àpáta yí ká tàbí tó wà láàárín òkè pọ̀ lọ́dọ̀ wa: Adó fúnra rẹ̀, Ìkẹ́rẹ́, Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Lóru, afẹ́fẹ́ tútù ń rọra sọ̀ láti orí òkè wá sí ibi tó rẹlẹ̀, á sì há síbẹ̀ pẹ̀lú èéfín tó bá nínú rẹ̀. Ẹ gun òkè kan l'Ádó lówùúrọ̀ Oṣù Kìíní kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí i lórí páànù ilé àwọn ènìyàn, funfun, pẹrẹsẹ.

Èyí tó burú jù tí ayé ránti nínú irú èyí ṣẹlẹ̀ ní London ní Oṣù Kejìlá 1952. Afẹ́fẹ́ dúró pa bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, gbogbo ilé sì ń fi èédú ilẹ̀ yáná. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa, ìṣirò tó tẹ̀lé e sì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Adó kì í ṣe London ayé ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́.

Apá ibo nínú ìlú ló burú jù?

Bí ẹnì kan bá to àdúgbò Adó fún yín láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹ bi í léèrè ibi tó gbé ẹ̀rọ dé. Ohun tó dára ju títò lọ ni kí ẹ mọ irú ibi tó ń kó èérún jọ, nítorí ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà yín.

Oríta tí ọkọ̀ ti ń dúró, tó ń lọ, tó tún ń dúró, ni àkọ́kọ́. Irú Ìjìgbò, Òkèsà àti agbègbè Fájuyì ni mò ń wí. Kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó nìkan, bó ṣe ń gbéra ni. Ẹ́ńjìnì tó ń jẹ ọ́ìlì, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ti gbó, á tú èéfín búlúù jáde nígbà tó bá fẹ́ ṣí. Típà àti tírélà tó ń mu dísù tó ń gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá láti Àkúrẹ́ ń tú dúdú. Bírékì àti táyà náà ń jẹ, ohun tó jẹ kúrò lára wọn sì ń wọ inú afẹ́fẹ́. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èéfín ọkọ̀ kì í lọ jìnnà kó tó fúyẹ́: bí ẹ bá fi bí ọgọ́rùn-ún sí igba mítà jìnnà sí títì ńlá, púpọ̀ ti tú ká. Ẹni tó ń tajà létí títì gan-an láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń san gbèsè rẹ̀ jù, òun náà sì ni kì í sẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, PM10 ni tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà lọ́wọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi omi wọ́n ọn, ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀, kó tó gbẹ.

Kúárì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ní àlàyé tirẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni àsìkò àti ibùgbé ti so pọ̀ jù. Eruku rẹ̀ tóbi, púpọ̀ nínú rẹ̀ á já sílẹ̀ nítòsí. Ṣùgbọ́n apá ibo ni á já sí? Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀, abúlé tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn kúárì ni á gbà á. Nígbà òjò, atẹ́gùn yí padà, abúlé òdìkejì ni ó kàn, òjò sì ti dín in kù fún un. Nítorí náà abúlé méjì lè wà ní ìwọ̀n kan náà sí kúárì kan, kí ọ̀kan máa jìyà ju èkejì lọ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá wá wọ̀n ọ́n ní Oṣù Keje nìkan kò ní rí ẹni tó ń jìyà yẹn. Fún òṣìṣẹ́ tó ń dúró ti ẹ̀rọ ìfọ́kùúta, wàhálà rẹ̀ tún yàtọ̀: eruku òkúta wa ní sílíkà nínú, ẹni tó bá mí in fún ọdún púpọ̀ lè ní sílíkósísì, àìsàn tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró le, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà sípò.

Ó ku ibi mẹ́ta tí mo fẹ́ dárúkọ: ààtàn tí wọ́n ń sun, tí ọ̀rá àti táyà wà nínú rẹ̀, ibi ìpẹran tí wọ́n bá ti ń fi táyà sun awọ láti fi ṣe pọ̀nmọ́, àti sọ́míìlì, níbi tí òkìtì ìyẹ̀fun igi ti lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, láìsí ọwọ́ iná tí ẹnikẹ́ni ń rí.

Ṣé afẹ́fẹ́ abúlé mọ́ ju ti ìlú lọ?

Títì abúlé mọ́ jù, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ní Oṣù Kẹfà, afẹ́fẹ́ Ìkògòsì tàbí ti oko Ìsẹ̀ kò ṣeé fi wé ti Òkèsà. Ṣùgbọ́n láti Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àgbẹ̀ ń ṣán oko, ó ń sun ún kí òjò tó dé. Ọlọ́dẹ ń dáná sí igbó láti lé ẹran jáde. Ní ìhà Òmùò àti Ìkọ̀lé, tí koríko ti ń pọ̀ ju igbó lọ, iná máa ń sáré. Alẹ́ tí oko bá jó nítòsí, abúlé lè burú ju ìlú lọ. Ẹ tún wo ilé ìdáná onígi, àti ibi ìfúnpo tí wọ́n ń fi háhá ẹyìn dáná. WHO ṣírò pé èérún ìta àti ti inú ilé papọ̀ ń ṣokùnfà ikú tó tó mílíọ̀nù 6.7 lọ́dún káàkiri ayé. Iná ìdáná inú ilé ní ìpín ńlá nínú rẹ̀, obìnrin àti ọmọdé tó wà nítòsí ààrò ló sì ń kàn jù.

Nọ́ńbà wo ni ká máa wò? Èwo ló pọ̀ jù?

Wọ́n ń kà á ní máíkírógíráàmù, ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù, tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan. Ní 2021, WHO mú ìwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀. PM2.5: 5 fún àròpín ọdún, 15 fún ọjọ́ kan. PM10: 15 fún ọdún, 45 fún ọjọ́ kan. Kó tó dìgbà yẹn, láti 2005, 10 àti 25 ni ti PM2.5.

Ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ kò lè tètè dé 5, kódà bí gbogbo wa bá pa iná wa. WHO náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣe àtẹ̀gùn sí i: 35, 25, 15, 10, kí ìlú máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni àròpín ọdún fúnra rẹ̀. Ká ní ibì kan ka 90 ní Oṣù Kìíní, tó ka 12 ní Oṣù Keje. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ mọ́ oṣù yòókù, nọ́ńbà tó jáde kò jọ oṣù kankan tí ẹnikẹ́ni gbé nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo Adó kò jọ àdúgbò kankan.

Fóònù mi ń sọ nọ́ńbà afẹ́fẹ́ Adó fún mi. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti rí i. Ó lè má jẹ́ ẹ̀rọ kankan tó wà l'Ádó. Kọ̀ǹpútà lè fi ìṣirò ojú ọjọ́ àti àwòrán sátẹ́láìtì méfò rẹ̀. Sátẹ́láìtì Terra, tó gòkè ní 1999, àti Aqua, tó tẹ̀lé e ní 2002, ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí eruku Sàhárà. Ṣùgbọ́n láti òkè ni wọ́n ti ń wò ó: eruku tó ń kọjá ní kìlómítà méjì lókè orí yín, wọ́n á kà á mọ́ èyí tó wà ní imú yín. Nígbà òjò, ìkùukùu á dí wọn lójú. Ẹ̀rọ kan tún wà ní Yunifásítì Ìlọrin, nítòsí wa níbí, tó ti ń wo oòrùn láti 1998 láti fi mọ bí eruku ṣe pọ̀ tó ní ojú ọ̀run; òun náà, gbogbo ohun tó wà láàárín ilẹ̀ àti oòrùn ló ń kà.

Ọ̀nà tó dájú jù ni ti àtijọ́: wọ́n á wọn bébà àsẹ́ kan, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, wọ́n á tún un wọ̀n. Ohun tó fi wúwo sí i ni èérún. Ó ń gba sùúrù, ó sì wọ́n.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná léésà ka èérún kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì dára, bí ẹ bá mọ àbùkù rẹ̀. Nígbà tí kùrukùru bá wà, èérún á fa omi mu, á wú, ẹ̀rọ á sì kà á jù. Nígbà ọyẹ́, eruku tó tóbi kì í hàn sí i dáadáa, á kà á dín. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe rẹ̀ náà ń tẹ̀lé àsìkò: ó ń bu kún ìgbà tó mọ́, ó ń bù kúrò lára ìgbà tó burú.

Jẹnẹrétọ̀ tó pa ènìyàn mọ́jú nínú yàrá, ṣé PM2.5 ni?

Rárá. Gáàsì ni, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sí ìbòmú tó ń dá a dúró. Ìta, jìnnà sí fèrèsé, ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, òjò ì báà máa rọ̀.

Ṣé áńkáṣífù tí mo fi bo imú tó?

Fún iyanrìn, ó tó. Fún PM2.5, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹ ì báà rẹ ẹ́ sínú omi. Ìbòmú N95 ń dá ó kéré tán ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún èérún tó tó 0.3 máíkírọ́nù dúró, bó bá lẹ̀ mọ́ ojú yíká. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀.

Ọmọ mi ní àsímà. Kí ni kí n ṣe ní Oṣù Kejìlá?

Ẹ má jẹ́ kí oògùn tó ń fín sẹ́nu tán kí ọyẹ́ tó dé, kó sì wà nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Aṣọ tutù ni kí ẹ fi máa nu ilẹ̀ àti àga, nítorí ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń dá eruku tó ti balẹ̀ padà sókè. Ọmọdé ń mí afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju àgbà lọ bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn wò ó, imú rẹ̀ sì sún mọ́ ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì ọkọ̀ jù tiyín lọ. Tó bá fẹ́ gba etí títì lọ sílé ìwé, tí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wà, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Ikọ́ sémìísémìí tó bá ń jí i lóru lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó lọ, kì í ṣe kí ẹ máa dúró de òjò.

Mo máa ń sáré lówùúrọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ó burú?

Eré kò burú, aago rẹ̀ ni. Agogo mẹ́fà àárọ̀ Oṣù Kìíní létí títì ni àsìkò àti ibi tí mi ò ní yàn láéláé. Ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ là jù, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán Oṣù Kejì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sáré nínú rẹ̀. Ẹ wo nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná, ní àdúgbò inú. Lọ́jọ́ tí eruku bá bolẹ̀ gan-an, ẹ sinmi.

Ṣé irú èéfín dúdú ti Port Harcourt lè dé ọ̀dọ̀ wa?

Èéfín tí wọ́n ti ń ráhùn rẹ̀ níbẹ̀ láti ìparí 2016, ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì láìgba àṣẹ ló pọ̀ jù nínú orísun rẹ̀. A kò ní epo rọ̀bì ní Èkìtì. Dúdú tó bá bà lé aṣọ tí ẹ sá, ẹ wá a nítòsí.

Bí a bá gbin igi, ṣé kò ní gba eruku náà dúró?

Díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú igi tí ẹ ń gbìn. Tíìkì, tó kún oko wa, máa ń wọ́ ewé sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn gan-an nígbà tí ẹ nílò rẹ̀. Máńgòrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sí igi tó lè ṣe iṣẹ́ ẹni tó bá pa iná ààtàn.

Ṣé èlùbọ́ tí a sá sétí títì ṣì dára?

Ọyẹ́ ló dára jù láti fi sá èlùbọ́, ìyá wa kò ṣìnà níbẹ̀. Etí títì ni kò dára. Eruku ọ̀nà àti ohun tó ń jẹ lára táyà àti bírékì ló ń bà lé e. Ẹ sá a sórí àpáta tó jìnnà sí ọ̀nà. Èkìtì kò sì wá àpáta tì.

Aládùúgbò mi ń sun ìdọ̀tí lálaalẹ́. Báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́?

Ẹ má fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ bi í bóyá ọkọ̀ akólẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, àìdé rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di dandan. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, kí àdúgbò lè pa owó pọ̀. Ewé gbígbẹ lè wọ kòtò kó di ajílẹ̀. Ọ̀rá àti táyà ni kó má fi iná kàn rárá. Bí kò bá gbọ́, àjọ tó ń rí sí kíkó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ wà fún ìyẹn. Mo mọ̀ pé alẹ́ ni wọ́n máa ń fẹ́ sun ún, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn. Alẹ́ náà sì ni afẹ́fẹ́ kì í gbé e lọ.

Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa fẹ́ wọn afẹ́fẹ́ ìlú. Báwo ni ká ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Mẹ́ta dára: ọ̀kan létí oríta tó kún, ọ̀kan ní àdúgbò inú, ọ̀kan ní abúlé tí kò ní títì ńlá. Tí eruku ọyẹ́ bá bolẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ gòkè. Tí ọ̀kan bá dá gòkè, iná wà nítòsí rẹ̀, ẹ rán ọmọ lọ wò ó. Ẹ gbé wọn kọ́ ní gíga ibi tí ènìyàn ti ń mí, lábẹ́ òrùlé kékeré tí òjò kò ní bà, kó jìnnà sí ààrò alákàrà. Ẹ máa kọ wákàtí sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ nìkan. Kó dé Oṣù Kìíní, kó dé Oṣù Keje. Ọdún kan gbáko ló kéré jù. Kí ẹ tó pín wọn káàkiri, ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí kò bá bá àwọn yòókù mu, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ ọ́n.